Ṣé ilẹ̀ náà gan-an lẹ fẹ́ gbà, àbí owó? Ìfiwéra ọ̀nà méjì nílé-ẹjọ́ nígbà tí onílẹ̀ bá yí ohùn padà

Ẹni tó sanwó ilẹ̀, tí onílẹ̀ wá ní òun kò tà mọ́, ohun méjì ló lè béèrè lọ́wọ́ adájọ́ ní Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ ni kí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ fún onílẹ̀ pé kó mú àdéhùn ṣẹ: kó fọwọ́ sí ìwé, kó yọ̀ǹda ilẹ̀, kó gba ìyókù owó rẹ̀. Specific performance ni àwọn lọ́yà ń pè é. Àṣẹ ìmúṣẹ àdéhùn ni màá máa pè é níbí. Ìkejì ni owó: kí onílẹ̀ dá ohun tó gbà padà, kó sì san gbà-máà-bínú lé e.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀nà méjèèjì á ṣì wà ní ṣíṣí títí dìgbà tí wọ́n bá dé kóòtù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ẹ kọ, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pẹ̀lú ìbínú, owó tí ẹ jẹ́ kó wọ àkáǹtì yín padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ti ọ̀nà kan pa kí ẹ tó rí lọ́yà. Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ̀ pé ilẹ̀ lòun fẹ́ kó tó la ẹnu.

Kí ló dé tí owó kì í fi í tó

Owó ni òfin kọ́kọ́ máa ń fi tún àdéhùn tó bàjẹ́ ṣe. Ẹni tó ta àpò ìrẹsì fún yín tí kò gbé e wá, ẹ lè ra òmíràn lọ́jà, kí ẹ sì gba àlékún tí ẹ san lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ kò ní irú arọ́pò bẹ́ẹ̀. Pùlọ́ọ̀tì méjì kò lè wà lójú kan náà. Èyí tó dojú kọ títì, èyí tó fara kan ilé bàbá yín, èyí tí ẹ fẹ́ fi ṣe ọ̀nà àbáwọlé sí ṣọ́ọ̀bù yín, kò sí iye owó tó lè rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Látìgbà tí òfin Gẹ̀ẹ́sì tí a jogún ti wà ni àwọn adájọ́ ti gbà bẹ́ẹ̀, àwọn tiwa náà sì ń tẹ̀ lé e.

Ìdí kejì ni náírà fúnra rẹ̀. Ká ní ẹ san mílíọ̀nù márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Lákòókò yẹn, dọ́là kan kò tó 500 náírà lọ́jà ìjọba. Nígbà tí oṣù kejì 2024 fi máa parí, ó ti ju 1,400 lọ. Onílẹ̀ tó dá mílíọ̀nù márùn-ún padà fún yín nígbà náà dá iye tó wà nínú rìsíìtì padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ilẹ̀ tó jọ ti àkọ́kọ́ fi rà. Èlé kì í sì í dí àlàfo yẹn. Ìlànà ìgbẹ́jọ́ ilé-ẹjọ́ gíga Èkó gba adájọ́ láyè láti fi èlé tí kò dín ní ìdá 10 nínú 100 lọ́dún lé owó ìdájọ́. Ní oṣù Kejìlá 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, NBS, kéde pé ọ̀wọ́n-gógó ọjà ti ju ìdá 34 nínú 100 lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò gbà-máà-bínú náà ń dá kún un. Iye tí ilẹ̀ ń tà lọ́jọ́ tí onílẹ̀ yẹ àdéhùn ni wọ́n sábà máa ń wò, wọ́n á yọ iye tí ẹ ti jọ fẹnu kò sí kúrò, ìyàtọ̀ yẹn ni àdánù yín. Bí ẹjọ́ bá wá lo ọdún mélòó kan ní ilé-ẹjọ́ gíga, tó tún gba kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ, iye ọjọ́ àtijọ́ yẹn ni wọ́n á fi san yín. Ní ọdún 1979, nínú ẹjọ́ Johnson àti Agnew, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ga jùlọ ní London sọ pé adájọ́ lè sún ọjọ́ ìṣirò síwájú bí títẹ̀ lé ọjọ́ àkọ́kọ́ bá máa rẹ́ ẹni tí kò yẹ àdéhùn jẹ. Ìdájọ́ yẹn kò de adájọ́ wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lọ́yà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á tọ́ka sí i.

Méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Àṣẹ ìmúṣẹ àdéhùn | Owó |
|---|---|---|
| Ohun tí ẹ ó gbà | Ilẹ̀ náà àti ìwé rẹ̀ | Owó tí ẹ san, ìnáwó, èlé, àdánù tí ẹ fi ẹ̀rí gbè |
| Ṣé ẹ̀tọ́ yín ni? | Rárá, ọwọ́ adájọ́ ló wà | Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá ti fi hàn pé àdéhùn wà, ó sì bàjẹ́ |
| Ẹrù ẹ̀rí | Ó wúwo: àdéhùn tó dájú, ilẹ̀ tó ṣe é tọ́ka sí, owó tó wà nílẹ̀ | Ó fúyẹ́ díẹ̀, àfi ti iye àdánù |
| Ohun tó tètè ń pa á | Fífi ẹjọ́ falẹ̀, ẹlòmíràn tó ti rà á, owó tí ẹ gbà padà | Onílẹ̀ tí kò ní dúkìá kankan |
| Lẹ́yìn ìdájọ́ | Bí onílẹ̀ bá kọ̀, kóòtù lè yan ẹlòmíràn láti fọwọ́ sí ìwé dípò rẹ̀ | Ẹ̀yin ni ẹ ó máa wá ohun ìní rẹ̀ kiri |

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn kì í sábà wá sí ọkàn àwọn èèyàn. Wọ́n gbà pé gbígba owó rọrùn ju gbígba ilẹ̀ lọ. Ẹni tó ti ná owó yín tán lórí ìyàwó àti mọ́tò, ìdájọ́ owó lórí rẹ̀ lè wà nínú fáìlì títí bébà á fi pọ́n. Ilẹ̀ kò lè sá lọ.

Ohun tí adájọ́ máa wò kó tó pàṣẹ

Ìwé ló máa kọ́kọ́ béèrè. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1677 tí wọ́n ń pè ní Statute of Frauds ní kí àdéhùn ilẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀, kí ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́ ti fọwọ́ sí i. Àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde lára ìwọ̀-oòrùn àtijọ́, bí Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, rí irú ìlànà kan náà nínú abala 67 òfin Property and Conveyancing Law ti 1959. Kò túmọ̀ sí pé ẹni tí kò ní ju rìsíìtì lọ ti pàdánù. Rìsíìtì tó dárúkọ olùtà, olùrà, iye owó àti ilẹ̀ náà lè tó bí ìwé. Bí ẹ bá sì ti gba ilẹ̀, tí ẹ ti kọ́ fẹ́ńsì tàbí tí ẹ ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ níṣojú onílẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀, kóòtù kì í gbà kó tún sá pamọ́ sẹ́yìn àìsí ìwé. Títà lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ tún ní ọ̀nà tirẹ̀: kí ẹ san owó pé, kí wọ́n fi ilẹ̀ lé yín lọ́wọ́, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n ní kí owó pé. Bó bá ṣẹ́ kù, àdéhùn láti tà ló ṣì jẹ́.

Lẹ́yìn ìwé, ilẹ̀ wo? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ẹ́sítéètì ti ń fọ́ yángá. Rìsíìtì tó kọ “pùlọ́ọ̀tì kan ní ẹ́sítéètì wa”, tí kò sí nọ́ńbà, tí kò sí àwòrán sáfè, kò fún adájọ́ ní nǹkan tó lè pàṣẹ lé lórí. Kò ní mọ ibi tí kó tọ́ka sí. Irú olùrà bẹ́ẹ̀, owó ló máa ń gbà, bó ti wù kí ilẹ̀ wù ú tó. Sáfè tó ní nọ́ńbà òkúta ààlà, tí onímọ̀ sáfè tó ní àṣẹ fọwọ́ sí, kì í gbówó púpọ̀ tí a bá fi wé ohun tó ń dáàbò bò. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ san owó àkọ́kọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ bá san tán.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ẹni tó ń bẹ adájọ́ pé kó mú ẹlòmíràn mú ìlérí ṣẹ gbọ́dọ̀ ti múra láti mú tirẹ̀ ṣẹ, ní ìfẹ́ àti ní agbára. Ẹnu nìkan kò tó. Bí ó bá ku mílíọ̀nù méjì, kí mílíọ̀nù méjì náà wà ní báńkì, kí sítétímẹ́ǹtì wà tó fi í hàn, kí lẹ́tà wà tí ẹ fi sọ fún onílẹ̀ pé owó ti wà nílẹ̀, kó wá gbà á. Bó bá kọ̀, kí lọ́yà yín béèrè fún àǹfààní láti san án sọ́wọ́ kóòtù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti kó owó pamọ́ fún ẹni tó ń dojú jà kọ yín. Ṣùgbọ́n olùrà tó ti ná ìyókù owó náà, tó wá ń bẹ adájọ́ pé kó fún òun nílẹ̀, ti gba ọ̀nà yẹn kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Àṣẹ Gómìnà wá ńkọ́? Abala 22 òfin Land Use Act ti 1978 ní kí ẹni tó ní ilẹ̀ lábẹ́ àṣẹ ìjọba má tà á láìsí ìfọwọ́sí Gómìnà, abala 26 sì ní ohun tó bá tako èyí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ lo òfin yìí le gan-an: fífi ilé dúró fún owó tí wọ́n yá ní báńkì láìsí ìfọwọ́sí bàjẹ́ pátápátá, ẹni tó gba owó báńkì sì jàǹfààní rẹ̀. Àwọn olùtà kan ṣì ń fi ẹjọ́ yẹn dẹ́rù ba olùrà: “Kò sí ìfọwọ́sí, nítorí náà kò sí nǹkan láàárín wa.” Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ní 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe Light Industries àti Chinukwe, ilé-ẹjọ́ kan náà ṣàlàyé pé kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn méjì ṣe àdéhùn kí ìfọwọ́sí tó dé. Àdéhùn wọn wà, kò kàn tíì pé ni. Nítorí náà ẹ lè bẹ adájọ́ pé kó kọ́kọ́ pàṣẹ fún onílẹ̀ láti fọwọ́ sí ìwé tí ẹ ó fi lọ gba àṣẹ Gómìnà.

Ilẹ̀ ẹbí ló nílò àyẹ̀wò jù. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ẹbí kan ló dá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá, kò sì sí adájọ́ tó máa ní kí wọ́n mú un ṣẹ. Bó bá jẹ́ olórí ẹbí ló tà á gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ẹbí láìsí àwọn olórí ojúlé yòókù, ó dúró títí àwọn yẹn fi máa pe ẹjọ́ láti wó o, bí wọn kò bá sì tètè pè é, ó lè dúró lọ. Ìyàtọ̀ yìí kéré lẹ́nu, ṣùgbọ́n òun ló máa sọ bóyá ilẹ̀ lẹ ó béèrè tàbí owó. Ẹ wá orúkọ gbogbo àwọn tó fọwọ́ sí rìsíìtì, kí ẹ sì mọ ojúlé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ẹni kẹta tó ti rà á lẹ́yìn yín náà wà níbẹ̀. Bí ẹni yẹn bá rà á lówó tó tọ́, tí ìwé rẹ̀ pé, tí kò sì mọ̀ rárá pé ẹ wà níbẹ̀, kóòtù kò ní gba ilẹ̀ lọ́wọ́ aláìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n àìmọ̀kan rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Bí fẹ́ńsì yín bá wà níbẹ̀, bí ẹnì kan bá ń gbé ibẹ̀ fún yín, ó yẹ kó ti béèrè. Ẹni tó bá sì ra ilẹ̀ tó ti wà nílé-ẹjọ́ ń ra ẹjọ́ mọ́ ọn ni: ìdájọ́ tó bá jáde á mú òun náà. Ìdí nìyẹn tí yíyára pe ẹjọ́, kí ẹ sì gba àṣẹ ìdádúró, fi ṣe pàtàkì tó báyìí. Bí ilẹ̀ náà bá ní orúkọ ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀, ní Aláùsá fún ti Èkó, kí lọ́yà yín lọ fi ìkìlọ̀ síbẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà tún forúkọ sílẹ̀ lé e lórí.

Nígbà míì, àánú ló máa ń dá adájọ́ dúró. Ní England ní 1984, nínú ẹjọ́ Patel àti Ali, obìnrin tó ta ilé ti ní àìsàn jẹjẹrẹ egungun kí ẹjọ́ tó parí, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, àwọn aládùúgbò ló ń bá a tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀. Adájọ́ kọ̀ láti lé e jáde. Ó ní kí olùrà gba owó. Irú èyí ṣọ̀wọ́n. Pé ilẹ̀ ti gbówó lórí látìgbà tí onílẹ̀ ti tà á kì í ṣe ìnira lójú òfin.

Owó tí wọ́n dá padà fún yín láìbéèrè

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn olùtà mọ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n bá rí ẹni tó máa san jù yín lọ, wọ́n á béèrè nọ́ńbà àkáǹtì yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tàbí kí wọ́n ti ní in tẹ́lẹ̀, wọ́n á wá rọ owó yín padà sínú rẹ̀ lóru. Láàárọ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò parí, àyàfi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín parí rẹ̀. Bí ẹ bá dákẹ́ tí ẹ ná an, tàbí tí ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé “ó ku ẹgbẹ̀rún igba náírà”, ohun tí adájọ́ máa kà níbẹ̀ ni pé ẹ ti gbà kí àdéhùn tú. Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀, kó kọ lẹ́tà lọ́jọ́ kan náà pé òun kò béèrè owó, òun kò gbà á, ilẹ̀ lòun rà. Kó dá a padà, tàbí kí lọ́yà rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Lẹ́tà tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ náà ńkọ́? Ìbínú máa ń mú kéèyàn kọ “Ẹ dá owó mi padà láàárín ọjọ́ méje!” Ìyẹn dára bó bá jẹ́ pé owó lẹ fẹ́. Bó bá jẹ́ ilẹ̀, ohun tí ẹ ó kọ ni pé kó wá fọwọ́ sí ìwé láàárín ọjọ́ méje. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló yàtọ̀, ó sì lè jẹ́ òun ni agbẹjọ́rò onílẹ̀ máa kà sétí adájọ́ lọ́dún kẹta ẹjọ́.

Ìgbà tí màá ní kí ẹ mú owó

Bí ẹ kò bá mọ pùlọ́ọ̀tì yín láàárín ọgọ́rùn-ún, bí ọmọ ẹbí kan bá ti dá ta ilẹ̀ ẹbí fún yín, bí ìjọba bá ti gba ilẹ̀ náà fún ìlò ará ìlú, bí ẹlòmíràn bá ti kọ́lé parí síbẹ̀ tó sì ń gbé inú rẹ̀ láìmọ nǹkan kan, ẹ béèrè owó, kí ẹ sì béèrè rẹ̀ dáadáa. Ẹ kó ohun gbogbo jọ: rìsíìtì sáfè, owó lọ́yà, owó ìtọ́jú ilẹ̀, owó tí ẹ fún èjẹ́ǹtì. Ẹ gba estate valuer tó ní ìwé àṣẹ kó wá sọ iye tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń tà. Adájọ́ kì í fojú díwọ̀n àdánù. Ẹni tí kò mú ẹ̀rí wá lè gba kìkì owó tó san. Ẹ sì má jẹ́ kó pẹ́: ọdún mẹ́fà ni òfin Èkó fún ẹni tó fẹ́ gba owó lórí àdéhùn lásán.

Mo tún máa ní kí ẹni tó ra ilẹ̀ kìkì láti tún un tà ro ti owó dáadáa. Èrè lòun ń wá, owó sì lè san èrè. Àwọn ilé-ẹjọ́ òkè òkun ti ń ronú báyìí tipẹ́. Ní 1974 ní New Jersey, nínú ẹjọ́ Centex Homes àti Boag, adájọ́ kọ̀ láti fi ipá mú olùrà gba fúláàtì kan nínú ilé ńlá tí gbogbo fúláàtì rẹ̀ jọra. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ tó tà á lọ gba owó. Ní 1996, nínú ẹjọ́ Semelhago àti Paramadevan, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Canada sọ pé kò yẹ kí adájọ́ máa gbà láìwádìí pé gbogbo ilẹ̀ ló dá yàtọ̀. Ẹ̀yin tó ń gbé Toronto tàbí Newark tí ẹ ń ra ilé níbẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ kọ ìdí tí ilé yẹn fi yàtọ̀ fún yín sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ìrònú yìí lè dé ọ̀dọ̀ tiwa lórí àwọn ẹ́sítéètì tí pùlọ́ọ̀tì wọn jọra bí ìbejì.

Fún ẹ̀yin tó ń ta ilẹ̀, idà yìí lójú méjì. Ẹ̀yin náà lè bẹ kóòtù pé kí olùrà tó yí ohùn padà wá san owó. Bí ohun tó kọ́kọ́ san bá jẹ́ owó ìdógò (deposit, owó tó fi hàn pé òun máa rà á lóòótọ́) tí àdéhùn pè bẹ́ẹ̀, ẹ lè dá a dúró sọ́wọ́ yín. Bó bá jẹ́ apá kan iye ilẹ̀ ni, ẹ ó dá a padà, kí ẹ tó gba àdánù yín lọ́tọ̀.

Ọlọ́pàá ńkọ́?

Abala 32 òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí pé ó yẹ àdéhùn nìkan. Ẹni tó ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta, tàbí tó ta ohun tí kò ní, ìyẹn ti di jìbìtì, ẹ lè lọ fẹ̀sùn rẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n téṣàn kò lè fún yín ní ìwé ilẹ̀, ìwé àdéhùn tí wọ́n bá sì fi ipá mú yín fọwọ́ sí níbẹ̀ láti gba owó padà lè di ìdènà fún yín ní kóòtù. Lagos Multi-Door Courthouse, tó ti wà láti 2002, sàn jù fún ẹni tó bá fẹ́ ìlàjà: ohun tí ẹ bá fọwọ́ sí níbẹ̀ lè di ìdájọ́.

Bí ẹ bá ti yan ilẹ̀

Kí lọ́yà yín béèrè fún ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́, kó sì kọ owó sísàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfirọ́pò bí adájọ́ kò bá gbà. Òfin fàyè gba èyí, ẹni tí kò bá sì ṣe é ń ta tẹ́tẹ́ ni. Ẹ tún lè béèrè gbà-máà-bínú kékeré lórí ìdádúró mọ́ ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ kò lè gba ilẹ̀ kí ẹ tún gba owó rẹ̀ padà.

Bí ìdájọ́ bá bọ́ sí ọwọ́ yín tí onílẹ̀ sì ń lọ́ra, Form 48 ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi jíṣẹ́ fún un, tó ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá ṣàìgbọràn. Form 49 ló tẹ̀ lé e, tó ń pè é wá sọ ìdí tí wọn kò fi ní jù ú sẹ́wọ̀n. Ní ti ìwé, ẹ kò nílò láti dúró dè é: ẹ padà sọ́dọ̀ adájọ́, kó yan akọ̀wé kóòtù láti fọwọ́ sí deed of assignment, ìyẹn ìwé tó ń gbé ilẹ̀ láti ọwọ́ onílẹ̀ sí ọwọ́ olùrà, lórúkọ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ fún ìfọwọ́sí Gómìnà àti ìforúkọsílẹ̀.